Bí A Ṣe Lè Ran Ọ̀dọ́langba Lọ́wọ́ Nígbà Tí Iṣẹ́ Àṣetiléwá Bá Pọ̀ Jù fún Un

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ti lù, gbogbo ilé ti dákẹ́, ṣùgbọ́n iná ṣì ń tàn nínú yàrá ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan. Ìwé ìṣírò ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, àròkọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá wà lábẹ́ ìwé náà, fóònù rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Òbí tó bá yọjú sí i lákòókò yìí sábà máa ń béèrè pé, "Kí lo ti ń ṣe láti ìrọ̀lẹ́?" Ìbéèrè náà dára. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ìbínú la fi máa ń béèrè rẹ̀, a kì í sì í dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ọmọ tó ń jókòó ti ìwé títí di ọ̀gànjọ́ òru lè jẹ́ ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ ọmọ tó fi wákàtí méjì ṣòfò sórí fóònù. Ó sì lè jẹ́ ọmọ tí ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì kò yé rárá. Lójú ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bákan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí, àmọ́ ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n nílò yàtọ̀ síra pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kí òbí tàbí alágbàtọ́ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó àti ibi tó ti ń dun ọmọ.

Ẹ wọn ẹrù náà kí ẹ tó bá a gbé e

Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ọmọ náà ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sí: orúkọ iṣẹ́ náà, ọjọ́ tí olùkọ́ fún un, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dá a padà, aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí, àti iye ìgbà tó dìde tàbí tó gbé fóònù láàárín iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni kó kọ ọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ohunkóhun tí ẹ bá rí nínú ìwé náà bá a wí, nítorí ọjọ́ tí ọmọ bá ti gba ìbáwí lórí òótọ́ tó kọ sílẹ̀ ni kò ní kọ òótọ́ mọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà bá parí, ẹ jọ jókòó ti àkọsílẹ̀ náà. Bí ẹ bá rí i pé ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ lásìkò, pé kò dìde púpọ̀, síbẹ̀ tí iṣẹ́ ń gbà á ní wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójoojúmọ́, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà pọ̀ lóòótọ́, ilé-ẹ̀kọ́ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Bí iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá ń di wákàtí méjì nítorí pé fóònù ń dún ní gbogbo ìgbà, tàbí nítorí pé ẹ̀rù ìbẹ̀rẹ̀ ń ba ọmọ náà, àkókò ló ń jò, ètò ìrọ̀lẹ́ la ó sì tún ṣe. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, bí àpẹẹrẹ ìṣírò tàbí kẹ́mísìrì, ló ń jẹ gbogbo àkókò náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ọdún tó kọjá ni kò yé e tó, tí tọdún yìí sì wá ń gorí rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tó máa padà sẹ́yìn kó tún un kọ́. Ká máa fún un ní ìlànà àkókò dà bí ìgbà tí a ń fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ní oògùn ẹ̀fọ́rí.

Ìgbà wo ni a lè sọ pé ó ti pọ̀ jù?

Harris Cooper, onímọ̀ nípa ìrònú òun ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí iṣẹ́ àṣetiléwá jọ, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Ohun tó rí ni pé iṣẹ́ àṣetiléwá àti àṣeyọrí nínú ẹ̀kọ́ máa ń rìn pọ̀ láàárín àwọn ọmọ girama ju bí wọ́n ṣe ń rìn pọ̀ láàárín àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n pé àǹfààní náà kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì lálẹ́ ọjọ́ kan, kódà fún àwọn tó wà ní kíláàsì òkè. Òṣùwọ̀n kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní Amẹ́ríkà ń lò, èyí tí Cooper náà fara mọ́: ìṣẹ́jú 10 fún ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé ọmọ tó wà ní ọdún kẹsàn-án ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 lójúmọ́. Ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, nígbà tí ìjọba fẹ́ dín ẹrù ọmọ ilé-ìwé kù ní ọdún 2021, ìṣẹ́jú 90 yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe gbèdéke iṣẹ́ kíkọ fún àwọn ọmọ tó wà ní ìpele àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Òṣùwọ̀n ni èyí jẹ́, a kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di òfin. Ọmọ kan lè máa ka ìwé kíákíá, kí òmíràn máa fara balẹ̀ kà á, kí àwọn méjèèjì sì mọ̀wé dọ́gba. Síbẹ̀, ó dára kí òbí ní iye kan lọ́kàn tó lè fi wé ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ariwo ọmọ tàbí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ nìkan ni yóò fi ṣèdájọ́. Àwọn ọmọ kan wà tí wọn kì í ráhùn rárá, tí ẹrù ti tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ jọ fọ́ iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́

Iṣẹ́ tó bá wà nínú orí nìkan máa ń tóbi ju bó ṣe rí gan-an lọ. Nítorí náà, kí ọmọ náà kó gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sórí ìwé kan ṣoṣo, ní ọjọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ parí. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Kí ìwé náà wà níbi tí ojú rẹ̀ ti lè máa rí i, ìyẹn lára ògiri tàbí lórí tábìlì.

Ibi tó ṣòro jù ni pé ká mọ bí iṣẹ́ kan ṣe máa pẹ́ tó. Ní ọdún 1979, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú òun ìhùwàsí ẹ̀dá méjì, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, kọ̀wé nípa àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ láàárín ẹ̀dá: bí a bá ń ṣètò ohun tí a fẹ́ ṣe, a máa ń fojú kéré àkókò tí yóò gbà wá, kódà bí a bá ti ṣe irú rẹ̀ rí tó sì pẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Bí àgbàlagbà bá ń ṣe àṣìṣe yìí, kí la fẹ́ retí lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá? Àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni oògùn rẹ̀. Bí ọmọ náà bá sọ pé wákàtí kan lòun máa fi ṣe iṣẹ́ bàọ́lọ́jì, tí àkọsílẹ̀ sì fi hàn pé wákàtí kan ààbọ̀ ló ń gbà á nígbà gbogbo, wákàtí kan ààbọ̀ ni kó kọ.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Olùkọ́ ní kí wọ́n kọ àròkọ ọlọ́rọ̀ 1,500 lórí ohun tó ń mú kí ojú ọjọ́ yí padà, ó sì fún wọn ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ọmọ tí kò bá ní ètò yóò gbàgbé rẹ̀ títí di ọjọ́ kẹsàn-án, yóò sì fi òru kan ṣoṣo kọ ọ́ pẹ̀lú omijé. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ jókòó tì í ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá: ọjọ́ kẹwàá ni yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí náà ọjọ́ kẹsàn-án ni yóò kà á sókè kó sì tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe; ọjọ́ kẹfà sí ìkẹjọ ni yóò kọ ọ́, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 500 lóòjọ́; ọjọ́ karùn-ún ni yóò to kókó rẹ̀ tẹ̀ léra; ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni yóò kàwé, tí yóò sì máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ohun kan ṣoṣo ló ní láti ṣe: kó ka ìbéèrè náà dáadáa, kó sì kọ gbólóhùn mẹ́ta tó sọ ohun tó rò pé ó jẹ́ ìdáhùn.

Ẹ kíyè sí i pé "kọ àròkọ" kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn lè bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí a ti lè dì í mú. "Kọ gbólóhùn mẹ́ta" ni iṣẹ́ tí ọwọ́ lè tó. Gbogbo ohun tó bá wà lórí ìwé ètò ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ọmọ lè jókòó kó sì parí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀sẹ̀ mìíràn yóò wà tí ohun gbogbo yóò já lé ọmọ lórí lẹ́ẹ̀kan náà, tí ètò kankan kò ní lè mú wọn gba inú àkókò tó wà. Nígbà náà, ẹ jọ yan èyí tó ní máàkì tó pọ̀ jù, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ jù, àti èyí tó jẹ́ pé bó bá ṣáà ti dára díẹ̀, ó tó. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí máa ń le fún ọmọ tí kò fẹ́ kí ohunkóhun tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ní àbùkù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ya àwòrán kan ṣoṣo ní ìgbà mẹ́rin nígbà tí iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn ń dúró dè é. Àwọn òbí máa ń yin irú ọmọ yìí, èmi sì rò pé òun gan-an ló yẹ ká máa bá ṣàníyàn. Ẹ sọ fún un ní kedere, ẹ sì tún un sọ, pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló yẹ kó gba òógùn kan náà.

Ìrọ̀lẹ́ tó ní ètò

Kí ọmọ sinmi nígbà tó bá ti ilé-ìwé dé. Kó jẹun, kó rìn kiri tàbí kó ṣeré fún nǹkan bí ọgbọ̀n sí márùndínláàádọ́ta ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kó bẹ̀rẹ̀ ní aago kan náà lójoojúmọ́. Aago tí kì í yí padà máa ń gba òbí lọ́wọ́ àríyànjiyàn ojoojúmọ́. Iṣẹ́ tó le jù ni kó fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí orí rẹ̀ ṣì mọ́. Kí àwọn tó rọrùn wá gbẹ̀yìn.

Kí fóònù wà ní yàrá mìíràn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ yóò sọ pé àwọn lè ṣe méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í ṣe iṣẹ́ méjì tó ń béèrè ìrònú ní àkókò kan náà. Ńṣe ló máa ń fò láti orí ọ̀kan sí èkejì, ó sì máa ń pàdánù díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá fò. Bí iṣẹ́ náà bá gba kọ̀ǹpútà tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó ti gbogbo ojú ewé tí kò kan iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí á túbọ̀ wọ̀ ọ́ létí bí àwọn àgbàlagbà inú ilé náà bá gbé fóònù tiwọn sílẹ̀ lákòókò yẹn.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó ń jẹ́ Francesco Cirillo, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí fi aago kékeré ilé ìdáná tó dà bíi tòmátò ṣọ́ àkókò ìkàwé rẹ̀: ìṣẹ́jú 25 fún iṣẹ́, ìṣẹ́jú 5 fún ìsinmi, lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin kí èèyàn sinmi pẹ́ díẹ̀. Ó dára fún ọ̀dọ́langba, pàápàá èyí tí ìbẹ̀rẹ̀ máa ń nira fún, nítorí pé ìṣẹ́jú 25 kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn mìíràn lè ṣe ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó sinmi. Kí ìsinmi náà jẹ́ dídìde, nínara, àti mímu omi. Bí ó bá gbé fóònù nínú ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, yóò di ogún ìṣẹ́jú kó tó mọ̀. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá sì ṣòro pátápátá, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kó sì dáwọ́ dúró bí kò bá fẹ́ tẹ̀ síwájú. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í dáwọ́ dúró.

Ọ̀nà tí ọmọ ń gbà kàwé náà lè dín wákàtí kù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń ka ojú ìwé kan ní ìgbà mẹ́rin, tí wọ́n sì máa rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú òun ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, dán èyí wò ní ọdún 2006: nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbìyànjú láti rántí ohun tí wọ́n kà láìwo ìwé rántí púpọ̀ ju àwọn tó kàn ń tún un kà lọ. Nítorí náà, kí ọmọ kà á lẹ́ẹ̀kan, kó pa ìwé dé, kó kọ ohun tó bá rántí, kó wá ṣí ìwé láti wo ohun tó fò.

Oorun kì í ṣe ohun tí a ń yá lò

Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà, American Academy of Sleep Medicine, dá a lábàá pé kí ọmọ ọdún 13 sí 18 máa sun wákàtí 8 sí 10 nínú wákàtí 24. Bí ọmọ bá ní láti jí ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, a jẹ́ pé kò yẹ kí ó kọjá aago mẹ́wàá alẹ́ kó tó sùn. Ohun tó mú kí èyí ṣòro ni pé, nígbà ìbàlágà, aago inú ara ọ̀dọ́langba máa ń sún síwájú: melatonin, èròjà inú ara tó ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti ṣú, máa ń pẹ́ kó tó jáde ju ti ọmọdé lọ. Nítorí náà, ọmọ tó sọ pé oorun kò tíì kun òun ní aago mẹ́sàn-án lè máa sọ òótọ́, ọmọ náà sì ni yóò ṣòro láti jí láàárọ̀. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Àsìkò oorun sì ni ọpọlọ máa ń to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án sípò. Ọmọ tó gé oorun rẹ̀ kù láti kàwé ń ta ohun tó fẹ́ fi ra ìmọ̀ náà. Ní ọ̀la, yóò ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó gba ogójì ìṣẹ́jú fún wákàtí kan àti ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò tún pẹ́ kó tó sùn, yóò sì máa yí po bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń gba òbí níyànjú ni pé kí wọ́n fi aago kan lélẹ̀ tí ìwé gbọ́dọ̀ di pípadé, yálà iṣẹ́ parí tàbí kò parí. Bí iṣẹ́ náà kò bá parí, kí òbí kọ ìwé kúkúrú sí olùkọ́ pé ọmọ náà ṣiṣẹ́ títí di àkókò báyìí, òun ló sì ní kó lọ sùn. Ó lè pàdánù máàkì díẹ̀. Mo gbà pé ó sàn bẹ́ẹ̀.

Kí a má sì fi kọfí rọ́pò oorun. Nǹkan bí wákàtí márùn-ún lẹ́yìn tí èèyàn bá mu ún, ìdajì kaféènì inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń lé oorun lọ, ṣì lè wà lára onítọ̀hún. Ní ti àwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n ń pè ní energy drink, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti sọ láti ọdún 2011 pé kò yẹ kí ọmọdé tàbí ọ̀dọ́langba máa mu wọ́n rárá.

Ọwọ́ òbí àti ẹnu òbí

Ẹ má bá a ṣe iṣẹ́ náà. Olùkọ́ tó bá gba iṣẹ́ tí òbí ṣe yóò rò pé ẹ̀kọ́ náà ti yé ọmọ, yóò sì kọjá sí òmíràn. Ohun tí òbí lè ṣe ni kó jókòó nítòsí pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, kó sì máa béèrè ìbéèrè: "Kí ni wọ́n ní kí o ṣe níbí? Ibo lo bá a dé? Èwo ló ti yé ọ nínú rẹ̀?" Òbí tí kò mọ ìṣírò náà rárá lè béèrè àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, ọmọ náà yóò sì sábà rí ọ̀nà bó ṣe ń ṣàlàyé fún un. Bí kò bá rí i lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, kí ó kọ ibi tó ti dúró sílẹ̀ láti fi béèrè lọ́wọ́ olùkọ́, kó sì kọjá sí iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ tún wo àwọn ẹrù mìíràn tó wà lórí rẹ̀, bí ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn ilé-ìwé, eré ìdárayá, àti iṣẹ́ ilé. Nígbà mìíràn, kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ló yẹ ká dín kù. Àmọ́ kí ọmọ náà lóhùn nínú ohun tí a ó yọ, kí ó má baà jẹ́ pé eré kan ṣoṣo tó ń mú inú rẹ̀ dùn la máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe lè bá olùkọ́ sọ ọ́

Ó lè jẹ́ pé olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mọ iye iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fún ọmọ, kí ó má mọ̀ pé àwọn márùn-ún mìíràn ti fún un ní tiwọn. Bí ọmọ bá ti tó ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òun ni kó kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹ sì lè bá a tún ọ̀rọ̀ náà tò. Ó lè sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àṣetiléwá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wákàtí méjì ààbọ̀ ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìṣírò kan ṣoṣo, ìbéèrè kẹrin sí ìkẹfà kò sì yé mi. Ṣé ẹ lè ràn mí lọ́wọ́ lórí rẹ̀, mà?" Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀sùn nínú, ó sì fún olùkọ́ ní ohun pàtó tó lè ṣe.

Bí èyí kò bá yọrí sí ohunkóhun, kí òbí lọ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ náà. Ẹ má lọ sọ pé, "Ẹ ń pa ọmọ mi." Ẹ fi ìwé náà hàn wọ́n, kí ẹ sì béèrè iye àkókò tí wọ́n retí kí iṣẹ́ náà gbà. Bí wọ́n bá sọ pé ìdajì wákàtí, tí ìwé sì ń fi wákàtí méjì hàn, gbogbo yín ti rí i pé ìṣòro kan wà, ẹ sì lè jọ wá ibi tó ti wá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ju iṣẹ́ àṣetiléwá lọ

Bí ọmọ bá ń ka ìwé lọ́nà tó nira gan-an fún ọjọ́ orí rẹ̀, tàbí tí kò lè jókòó ti ohun kan bó ti wù kó gbìyànjú tó, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn bóyá ìṣòro ìwé kíkà tàbí ti àfiyèsí wà níbẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ tàbí tí inú ń run ún ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, tí kò jẹun dáadáa mọ́, tó ń sunkún láìnídìí, tàbí tó ti yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dúró kí sáà ẹ̀kọ́ parí kí ẹ tó wá ìrànlọ́wọ́. Bí ó bá sì sọ pé òun kò fẹ́ wà láàyè mọ́, ẹ má fi ṣeré, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ bá oníṣègùn.

Fún àwọn yòókù, ẹ fún ètò tuntun náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ náà tún kọ àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì. Ẹ wo aago tó ń sùn kí ẹ tó wo máàkì. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní bíírò, kí òun fúnra rẹ̀ sàmì sí ohun tó ń ràn án lọ́wọ́, kó sì fagi lé èyí tí kò wúlò fún un.